Okùn Kejì Tí Kò Sí Níbẹ̀

Kí n tó dárúkọ ara mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, nítorí ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń dárúkọ ara mi láìsọ ọ́. Ioelu Tamapua kò yọ okùn ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ pé òun ló yọ ọ́, irọ́ ni ẹ gbọ́, èmi sì ni mo pa irọ́ náà. Ọwọ́ ni mo fi pa á, nídìí kọ̀ǹpútà, nínú àwòrán méjìléláàádọ́rin. Olóyè Sauvao, àbúrò bàbá mi, tí ó jẹ́ olórí ilé wa, ti ní kí n má kọ ìwé yìí. Pásítọ̀ wa ní kí n bá Ọlọ́run nìkan sọ ọ́. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ títí awọ eékún mi fi le. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ń jókòó sórí àga onítáyà ní òpópónà wa, Ọlọ́run kọ́ ni mo sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bí nínú, kí ó pa ìwé dé. Èmi ń kọ ọ́ lọ.

Fetuao ni orúkọ mi. Porirua, lẹ́bàá Wellington, ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò àwa ará erékùṣù Samoa. Ìwé orin ni màmá mi fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. Mo ti mọ ẹsẹ orin lórí kí n tó mọ orúkọ àwọn oṣù. Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, mo wọ yunifásítì kan ní Wellington láti gba oyè kejì nínú iṣẹ́ àrà inú fíìmù, ìyẹn bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dá ẹ̀dá tí kò sí, kí ó máa mí, kí ó máa rìn, kí ẹni tó ń wò ó sì gbà á gbọ́. Mọ́kànlá ni wá nínú kíláàsì wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣé. Okùn ni tèmi. Bí ẹ bá rí ènìyàn tó ń fò nínú fíìmù, ẹ mọ̀ pé okùn ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹnìkan ní láti jókòó, kí ó máa pa okùn náà rẹ́ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlélógún fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èmi ni ẹni náà. A sì ní àṣà kan tí a kì í yẹ̀: bí a bá ti ya òṣèré tán, gbogbo wa ó kúrò níbẹ̀, kámẹ́rà ó sì tún ya ibẹ̀ láìsí ẹnì kankan, àpáta lásán, òfuurufú lásán. Àwòrán òfìfo ni à ń pè é. Inú rẹ̀ ni mo ti máa ń bu ohun tí n ó fi bo ojú okùn. A kì í sọ àwòrán òfìfo nù láé, nítorí a kì í mọ ìgbà tí a ó nílò rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Òun ni ó mú mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ wa yóò sọ pé iṣẹ́ èṣù ni iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ibi tí wọ́n bá ti ń sọ èké di òtítọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ṣàì wọlé. N kò gbà. Iṣẹ́ náà mọ́. Ó ti mú ọmọdé rẹ́rìn-ín, ó ti mú arúgbó rántí òkun tí ó ti fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ́. Ẹ má gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lé kọ̀ǹpútà lórí.

Ioelu nìkan ni ará Samoa mìíràn nínú wa, ìjọ kan náà ni a sì ń lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ga, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu. Tirẹ̀ ni láti mú kí ara máa rìn. Kí ó tó mú ẹyẹ tàbí ẹranko kan rìn nínú kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ ní láti rìn ín ná. Bí ẹ bá ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ ó bá a tí ó tẹ orí ba, tí ó ń gbé ẹsẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Àǹtí Fetu, ẹ wo adìyẹ tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì." Mo ní, "Adìyẹ wo ló tóbi tó báyìí?" Ó ní, "Adìyẹ pásítọ̀ ni. Ó ń jẹun dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tí mo ba tirẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀tá mi. Ọmọ tó ń pè mí ní àǹtí ni.

Fíìmù tí a fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́ wa jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ẹyẹ ńlá gbé ìyá rẹ̀ lọ, tí òun náà sì fò láti orí àpáta sórí ẹ̀yìn ẹyẹ náà. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹyẹ náà yóò wà. Ioelu ni ọkùnrin náà. Etí òkun tó wà ní gúúsù Wellington ni a ti yà á, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í bá ènìyàn ṣeré. Okùn méjì ni wọ́n ń so mọ́ Ioelu lẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni ó ń gbé e. Èkejì kò ní iṣẹ́ kankan àfi kí ó dì í mú bí àkọ́kọ́ bá já. Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀, Makerita, gbé oúnjẹ wá bá wa létí òkun, kókò sísè àti ẹran inú agolo. Kí ó tó ṣí ìkòkò, ó dá ọmọ rẹ̀ dúró níwájú gbogbo wa. "Okùn mélòó?" "Méjì ni, Màmá." "Bó bá di ọ̀kan ńkọ́?" "Mo ń sọ̀kalẹ̀ wá jẹun nìyẹn." "Búra." "Màmá, ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ mi!" "Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ò rọbí lórí rẹ. Búra!" Ó búra, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a sì jẹ kókò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Okùn àkọ́kọ́ máa ń le gbọnrangandan, ọjọ́ méjì péré ni mo fi ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n okùn kejì máa ń dẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa jù ú káàkiri, á gba iwájú ojú Ioelu kọjá, á gba apá rẹ̀ kọjá, á gba inú irun rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, n kò ní parí fífò kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a fi fíìmù lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan sì ti ní àwọn yóò gbà mí síṣẹ́ bí wọ́n bá rí iṣẹ́ mi ní píparí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọkùnrin tó máa ń bá wa so okùn ní iṣẹ́ níbòmíràn. Mo lọ bá Ọ̀gá Petrie, olùkọ́ àgbà wa, níbi tó ti ń mu tíì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ya ẹyọ kan láìsí okùn kejì." Ó ní, "Fetu, o mọ̀ pé òfin ni." Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ wá bá mi pa á rẹ́ nígbà náà." Ó wo òkun. Ó ní, "Ẹyọ kan péré." Àwa mẹ́ta ni a gun orí àpáta lọ, òun, èmi àti Ioelu. Àwọn yòókù wà nísàlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú kámẹ́rà. Okùn kejì wà nílẹ̀ lórí àpáta bí wọ́n ṣe kó o jáde nínú àpò, wọ́n ká a jọ, wọ́n sì fi téèpù pupa di ìkọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tú u.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lórí àpáta náà kí Ioelu tó fò tí n kò ì tíì kọ. N ó kọ ọ́. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ṣì ń yí i po.

Ioelu fò. Nígbà tó wà lófuurufú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó ń tọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ dé láti inú òkun, ó fì í, okùn náà ha mọ́ etí àpáta, ó sì já. Ariwo jíjá rẹ̀ kò ju ti igi ìdáná tí ènìyàn fi eékún ṣẹ́. Ó ṣubú sórí òkúta. Gbogbo wa sá lọ bá a. Ọjọ́ méjìdínlógún ni kò fi mọ ibi tó wà, nígbà tó sì lajú, kò rántí ohunkóhun láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láti ìdí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kò mọ ohunkóhun lára mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà, Ọ̀gá Petrie pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn tí yóò ṣe ìwádìí ti ní kí a kó àwòrán wá. Kò sọ fún mi pé kí n purọ́. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Wọn yóò ti ẹ̀ka yìí pa, Fetu. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Iṣẹ́ tó ń dúró dè ọ́ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ lo mọ ohun tí àwòrán lè sọ." Mo ní, "Mo mọ̀." Mo sì jókòó sídìí iṣẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ mi bí a ṣe ń pa okùn rẹ́. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi dá okùn sí ibi tí okùn kò sí. Mo so okùn kejì mọ́ Ioelu lẹ́yìn nínú àwòrán. Mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e. Mo fi òjìji rẹ̀ sára ẹ̀wù rẹ̀. Mo pa òkìtì okùn tó wà lórí àpáta rẹ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn, mo fi ìkọ́ sí i lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kí okùn náà bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló tú u. Àwòrán méjìléláàádọ́rin. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Nígbà tí mo parí, mo sún àga sẹ́yìn, mo wò ó, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ó dára. Kí Ọlọ́run ṣàánú mi: mo rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú.

Àwọn olùwádìí wò ó lọ, wò ó bọ̀. Obìnrin kan nínú wọn nu ojú, ó ní, "Ọmọ náà ló ṣe ara rẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò tì, mo gba oyè mi, mo sì wọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wa sá lọ bá Ioelu nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí pa kámẹ́rà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ó fi ya àpáta náà láìsí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Okùn kejì wà níbẹ̀ ní kíká, téèpù pupa ṣì wà lára ìkọ́ rẹ̀. Mo gé ìyẹn kúrò kí n tó kó àwòrán fún àwọn olùwádìí, wọn kò sì béèrè rẹ̀. Ta ni yóò béèrè àwòrán tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀? Ó yẹ kí n pa á rẹ́. Èmi tí mo ń pa ohun gbogbo rẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìka mi kò lè pa àwòrán òfìfo rẹ́. Wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í sọ ọ́ nù. Mo gbé e lọ sílé, mo fi sínú páálí kan pẹ̀lú ìwé orin tí mo fi kọ́ ìwé, mo sì ń sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìjọ kan náà ni a wà síbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, Ioelu a wa àga onítáyà rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. "Àǹtí Fetu, ẹ má bínú o. Mo ba fíìmù yín jẹ́." Mo máa ń ní, "Má dá ara rẹ lóró mọ́." Ẹ gbọ́ bí mo ṣe burú tó: òun ń tọrọ àforíjì, èmi sì ń fún un! Mo máa ń ti àga rẹ̀ dé ibi oúnjẹ. Mo máa ń fi omi àgbọn se ewé kókò lọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ń pè mí ní aláàánú. Makerita pàápàá a máa gbá mi mọ́ra, á sì yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Ṣé o rí àǹtí rẹ? Òun ò gbàgbé rẹ. Ìwọ lo gbàgbé ohun tí mo sọ." Ioelu a tẹ orí ba. Kì í ṣe orí adìyẹ mọ́.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá, a ṣe Ọjọ́ Àìkú Funfun, ọjọ́ ìsinmi tí àwọn ọmọdé máa ń wọ aṣọ funfun, tí àwọn ni wọ́n máa ń darí ìsìn. Pásítọ̀ ní kí Ioelu bá wọn sọ̀rọ̀. Ó wa àga rẹ̀ dé iwájú. Ó ní, "Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin àdàbà. Màmá mi ní kí n so okùn méjì. Mo búra fún un. Mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ ọ̀kan. N kò rántí ìdí tí mo fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà. Ẹ kò lè bá àwòrán jiyàn. Nítorí náà, ẹ máa gbọ́ràn." Ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ dìde, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Ioelu, ṣé ẹ ti bẹ Ọlọ́run?" Ó ní, "Lójoojúmọ́, ọmọ mi." Ọmọ náà ní, "Ṣé ó ti dá yín lóhùn?" Ioelu fi ọwọ́ yí táyà àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ìwé orin bo ojú. Èmi dìde, mo jáde lọ sí ìdí igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rí irọ́ mi ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yìí bí ẹni ń kọ́ wọn ní orin, ẹnu ẹni tí mo pa irọ́ náà mọ́ sì ni ó ti ń jáde. N kò lè gbé e mọ́. Ọjọ́ náà ni mo yí padà.

Mo kọ́kọ́ pe Ọ̀gá Petrie, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó ní, "Fetu, ó ti pẹ́ jù." Mo ní, "Fún ta ni, Ọ̀gá? Ioelu ṣì jókòó síbẹ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ sọ fún àwọn ará ilé wa pé mo fẹ́ lọ jókòó lábẹ́ ẹní. Bí a ti ń ṣe é nìyí, láti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa: bí ọmọ ilé kan bá ṣe ibi sí ilé mìíràn, ilé rẹ̀ yóò kó ara wọn lọ síwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní ìdájí, wọn yóò fi ẹní tó níye lórí jù lọ bo orí, wọn yóò sì máa dúró. Bí àwọn onílé bá ṣí ẹní náà, wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Bí wọn kò bá ṣí i, ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n lè ṣe. Olóyè Sauvao gbọ́, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Kí n gbé ẹní ilé wa jáde nítorí ohun tí ẹnì kankan ò bi ọ́?" Mo ní, "Wọn ò bi mí nítorí pé mo dí wọn lójú, Bàbá." "Olùkọ́ òyìnbó yẹn ló kó ọ sí i. Òun ni kó lọ jókòó lábẹ́ ẹní!" "Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ló sì ṣe é." "Agídí rẹ yìí!" Mo ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ fi ń pe Ioelu ní alágídí. Ẹ gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún mi. Èmi ni mo ni ín." Ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Màmá mi, Sieni, dìde, ó kó àwo kúrò lórí tábìlì. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, mo bá a ní orí ìkúnlẹ̀, tí ó ń yọ ẹní àtàtà ìyá rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ ń mọ́."

Àwa méjì jókòó sórí koríko tútù níwájú ilé Makerita, ẹní bò wá mọ́lẹ̀. Ó ń rùn bí ewé gbígbẹ àti ìgbà àtijọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ sálúbàtà Makerita, mo gbọ́ bó ṣe dúró. "Sieni? Kí lẹ ṣe fún wa?" Èmi ni mo dáhùn láti abẹ́ ẹní. Mo sọ bí mo ṣe lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí a má lo okùn kejì. Mo sọ ti àwòrán méjìléláàádọ́rin. Mo sì wá sọ èyí tí n kò ì tíì sọ fún màmá mi, tí n kò sọ fún pásítọ̀, tí mo ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Lórí àpáta náà, nígbà tí Ọ̀gá Petrie ti di bẹ́líìtì ńlá tí à ń so okùn mọ́ fún Ioelu, kò lè yí ọrùn dé ẹ̀yìn. Ó ní, "Àǹtí Fetu, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn mi. Èkejì ńkọ́? Ṣé ó ti wọlé?" Okùn náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá ní kò sí, yóò sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun ni. Ó ti búra. Mo fi ọwọ́ gbá a ní èjìká. Mo ní, "Ó ti wọlé." Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó sì fò.

Lábẹ́ ẹní, ọwọ́ màmá mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Makerita kò pariwo. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá ọmọ mi wí." Ilẹ̀kùn tì. Ọwọ́ màmá mi tún padà wá. A jókòó. Oòrùn gòkè, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan dúró, tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀, tí ẹnìkan sì ṣí etí ẹní. Olóyè Sauvao ni. "Sún ẹsẹ̀ rẹ, kí n rí ibi jókòó sí. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ o. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni ọ́." Àwa mẹ́ta wà níbẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ táyà lórí sìmẹ́ǹtì.

Ioelu ní, "Àǹtí Fetu, èmi kọ́ ni mo yọ ọ́?" Mo ní, "Ìwọ kọ́." "Ọwọ́ mi tó lọ sẹ́yìn ńkọ́?" "Ò ń wá okùn tí mo sọ pé ó wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí olùwádìí kankan kò béèrè, nítorí iṣẹ́ kan náà ni a jọ kọ́: "Àwòrán òfìfo dà?" Mo na fóònù tí mo ti gbé e sí jáde láti abẹ́ ẹní. Ó wo ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà tán pátá, kò fo ibì kankan. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà láti inú fóònù. Nígbà tó parí, ó kígbe wọ inú ilé, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ọmọ tó kó èsì ìdánwò dé: "Màmá! Màmá, mo gbọ́ràn! Mo béèrè! Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu!" Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà, ẹkún ìyá àti ọmọ, n kò ní kọ ọ́. Tiwọn ni.

Nígbà tó ṣe, ó padà wá. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó. Ẹ̀yin náà ẹ jókòó títí n ó fi jẹun àárọ̀ tán. Mo sì máa ń jẹun pẹ́." Ó jẹun pẹ́ lóòótọ́. Ní àárín kan, etí ẹní gbé sókè, ife kan wọlé. "Tíì ni. Mi ò tíì dárí jì yín o. Tíì lásán ni." Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, Makerita jáde, ó ká ẹní kúrò lórí màmá mi àti lórí Olóyè, ó ní kí wọ́n wọlé wá fi nǹkan panu. Èmi ni ó fi sílẹ̀ lábẹ́ ìyókù ẹní náà. Ioelu ni ó wá ká a kúrò lórí mi. Ó wò mí lójú pẹ́. Ó ní, "Mo ti gbé ẹní. Mi ò tíì gbé ọ̀rọ̀." Mo ní, "Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ti fi àwòrán òfìfo náà àti ìwé yìí ránṣẹ́ sí yunifásítì àti sí àwọn tó ṣe ìwádìí. Wọ́n ti dá mi dúró níbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gba oyè mi, kí wọ́n gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé mi lọ sílé ẹjọ́, wọ́n mọ ilé mi, n kò ní sá. N kò bẹ ẹnì kankan nínú wọn. Ioelu àti ìyá rẹ̀ nìkan ni mo ń bẹ̀, n ó sì máa bẹ̀ wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi bí òun ṣe ń bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀, yálà wọ́n dáhùn tàbí wọn kò dáhùn. Ní Àìkú Funfun tó ń bọ̀, èmi ni n ó dúró níwájú àwọn ọmọ náà. Pásítọ̀ kò tíì gbà. Yóò gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ẹ dá ẹyẹ, ẹ dá òkun, ẹ pa gbogbo okùn ayé rẹ́ bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan tí kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ bá bi yín léèrè pé ṣé ó ti wọlé, ẹ tẹ̀ ba, ẹ fi ọwọ́ kàn án, ẹ fà á wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí, kí ó sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun.